Bí A Ṣe Ya Ojú Pẹ́ńsùlù

Ajé, 2 Oṣù Kẹfà

Pẹ́ńsùlù jáde láàárọ̀ yìí kí oòrùn tó yọ. Ó gbé àpò àwòrán rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ń lọ sí ìlú ńlá, sí ọ́fíìsì àwọn tó ń tẹ ìwé àwòrán bíi ti àwọn ará Japan. Àwọn ló ránṣẹ́ pè é. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin, tí pẹ́ńsùlù kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tí orúkọ náà fi mọ́ ọn lára! Mo ní kó jẹun, ó ní inú òun ò gbà á. Mo ti búrẹ́dì bọ àpò rẹ̀. Ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ má jẹ́ kó kan àwòrán mi o." Mo ní búrẹ́dì lásán ni, kò ní bọ́tà lára. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á ti dé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ilẹ̀ ti ṣú. Òjò ń rọ̀. Mo pe fóònù rẹ̀, kò lọ.

Ìṣẹ́gun, 3

Kò tíì dé. Fóònù ò lọ.

Ọjọ́bọ̀, 5

Ọmọ mi ọkùnrin, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Télọ̀, tí í ṣe bàbá Pẹ́ńsùlù, ti lọ sí ìlú ńlá ó ti bọ̀. Àwọn ará ọ́fíìsì náà ní àwọn retí ọmọ náà títí di ìrọ̀lẹ́, àwọn ò rí i.

Lónìí, èmi àti Télọ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀gá tó wà nídìí tábìlì kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó bèèrè ọjọ́ orí, a ní ọdún mọ́kàndínlógún. Ó bèèrè aṣọ tó wọ̀, Télọ̀ dá a lóhùn, òun ló ṣáà rán an. Ó wá ní, "Ẹ mú fótò rẹ̀ wá."

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti kọ́ wa lẹ́sẹ̀. Ọmọ yìí kì í jẹ́ kí wọ́n ya òun ní fótò. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé fóònù sókè, ìwé ló fi ń bojú. Fótò ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan wà nílé, àmọ́ àwọn ọmọ pọ̀ nínú rẹ̀, orí tirẹ̀ ò ju hóró ẹ̀wà lọ. Ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ náà wà, ojú ibẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ni mo bá yọ àwòrán tó fọwọ́ ara rẹ̀ ya ara rẹ̀. Èmi ni mo ní kó yà á fún mi lọ́dún tó kọjá, mo sì fi gíláàsì bò ó.

Ọlọ́pàá wò ó, ó wo èmi náà. Ó ní, "Màmá, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Èèyàn wo ló lójú tó tóbi tó báyìí? Imú rẹ̀ dà? Àmì ìdánudúró ni wọ́n kàn fi síbẹ̀."

Mo ní, "Bí wọ́n ṣe ń yà á nìyẹn."

Ó ní, "Mo mọ̀, àwọn ọmọ mi ń wò ó nílé. Ṣùgbọ́n bí mo bá kó irú èyí fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, ẹni tí wọ́n á lọ mú wá, mi ò mọ̀ o."

Ojú lọ̀rọ̀ wà, làwọn àgbà wí. Ojú tí mo gbé dání sì rèé, kò ṣeé bá sọ̀rọ̀.

Ẹtì, 6

A ṣe ẹ̀dà àwòrán olójú ńlá yẹn bó ṣe rí. Kò sí òmíràn. Ẹni tó ń ṣe ẹ̀dà ti fi owó lé e nítorí epo ẹ̀rọ tó wọ́n. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ "A Ń WÁ A" sórí rẹ̀. Lẹ́tà náà tò dáadáa. Ká ní nǹkan míì ni mo ń kọ ni, inú mi ì bá dùn.

Ajé, 9

Bí a ṣe ń lẹ̀ ẹ́ làwọn ọmọdé ń já a. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Obìnrin kan dúró níwájú èyí tó wà lẹ́bàá ibùdókọ̀, ó bi mí pé ọjọ́ wo ni sinimá náà máa bẹ̀rẹ̀.

Ẹnì kan pè lórí fóònù, ó ní òun rí ọmọ tó jọ ọ́. Ọkàn mi fò. Mo ní kí ló fi mọ̀ ọ́n? Ó ní irun rẹ̀ dúró ṣánṣán, ojú rẹ̀ sì ń dán bí ìràwọ̀. Mo pa fóònù.

Mi ò lọ sí kíláàsì àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ti ń kọ́ wa ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Tíṣà wa wá kí mi nílé. Ó ní kí n má dáwọ́ ìwé kíkọ dúró, pé ẹ̀rù tí a bá kọ sílẹ̀ máa ń fúyẹ́ díẹ̀. Mo ti ń kọ ọ́ o. Kò tíì fúyẹ́.

Ọjọ́rú, 11

Onígò wá. Ọ̀rẹ́ Pẹ́ńsùlù ni, awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń yàwòrán láti ilé ẹ̀kọ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ẹkún gbà á lẹ́nu. Mo ní kó dìde, kó wá sọ fún mi, kí ló dé tí wọn kì í fi ya èèyàn bó ṣe rí? Ṣé wọn ò mọ̀ ọ́n yà ni?

Ó ní, "Wọ́n mọ̀ ọ́n yà dáadáa, Ìyá àgbà. Ìpele ìpele ló wà."

Ó kó ìwé Pẹ́ńsùlù jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tò wọ́n sílẹ̀. Ìpele kan rèé tó jẹ́ orí ràbàtà lórí ara kúkúrú, bí ìyẹ̀fun tí a pò tí a fi ẹsẹ̀ sí. Ti ẹ̀rín nìyẹn. Òmíràn jẹ́ ti olójú ńlá, tó jẹ́ pé bí inú bá ń bí ẹni náà, ẹnu rẹ̀ á pòórá, iṣan á yọ níwájú orí. Bí ẹ̀rù bá bà á, ẹ̀kán òógùn kan á dúró lẹ́bàá ojú rẹ̀. Òmíràn tún wà tí egungun imú yọ nínú rẹ̀, tí ìlà ọrùn wà, tí èèyàn lè ka irun ìpéǹpéjú. Ìwé àwọn àgbàlagbà ni wọ́n sábà máa ń yà bẹ́ẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ilé àti òpópónà inú gbogbo wọn dà bíi fótò. Nínú ọ̀kan, mo rí àtẹ̀gùn ilé tiwa, títí kan ibi tó ti sán. Èèyàn inú rẹ̀ ni kò jọ èèyàn.

Mo ní, "Wọ́n ya àtẹ̀gùn bó ṣe rí, wọn ò wá ya èèyàn bó ṣe rí?"

Onígò ní, "Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yọ nǹkan kúrò lójú rẹ̀ ni. Ojú tí nǹkan ò pọ̀ lára rẹ̀, ẹni tó ń kàwé á lè fi ara rẹ̀ síbẹ̀. Gbogbo èèyàn lè wọ inú rẹ̀." Ó nu awò rẹ̀. "Àmọ́ bí ẹ bá ń wá ẹnì kan ṣoṣo, Ìyá àgbà, ẹ ò lè yọ nǹkan kan kúrò."

Mo ní ṣé òun lè ya ti ìpele kẹta yẹn? Ó ní òun á gbìyànjú, bí mo bá ń sọ ọ́ fún òun. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ọ̀la la máa bẹ̀rẹ̀.

Ẹtì, 13

Ẹ̀rù tó bà mí lónìí, mi ò rí irú rẹ̀ rí.

Onígò ń dín ojú kù díẹ̀díẹ̀, ó ń gbé imú sókè, ó ń bi mí. Àmì dúdú kékeré tó wà lẹ́bàá ẹnu Pẹ́ńsùlù ńkọ́, ọ̀tún ni àbí òsì? Mo ní òsì. Télọ̀ gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ní, "Ọ̀tún ni, Màámi."

Mo ní, "Ta ló tọ́ ọ dàgbà? Ìwọ lo gbé e pọ̀n ni?"

Ó ní, "Èmi ni mo bí i."

Mo ní, "O bí i, o padà sídìí ẹ̀rọ."

Ó tún tẹ ẹ̀rọ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ìyá ọmọ náà ti kú ni mo ti ń tọ́ ọ, Télọ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo di ojú mi láti wo àmì náà, mi ò rí i. Ojú ńlá yẹn ni mo rí, tó ń dán, tó ń wò mí. Mo la ojú, mo tún un dì. Ojú ńlá náà ló tún yọ. Ṣé ọjọ́ mọ́kànlá péré ló tó láti gba ojú ọmọ lọ́wọ́ ẹni? Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi wẹ̀! Bí wọ́n bá rí i lọ́la ńkọ́, kí n wá kọjá lára rẹ̀ láì dá a mọ̀?

Àbámẹ́ta, 14

Àwòrán ti parí. Ó rẹwà gan-an. Onígò fẹ́ ya etí òsì rẹ̀ tó nà síta bí ilẹ̀kùn tí wọ́n gbàgbé láti tì. Mo ní ta ló bi í ní etí? Fi irun bò ó. Ó fẹ́ ya eyín iwájú tó gun èkejì. Mo ní kó tò ó. Ó ní, "Àmọ́, Ìyá àgbà, eyín rẹ̀..." Mo ní mo ní kó tò ó! Àpá tó gé ìpéǹpéjú rẹ̀ sí méjì láti ọjọ́ tó ti já bọ́ lórí tábìlì Télọ̀, mo ní kó má yà á. Gbogbo ayé ni yóò máa wò ó lára ògiri. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn.

Onígò ṣe bí mo ṣe wí. Ó kàn wo àwòrán náà títí.

Ìṣẹ́gun, 17

Èmi àti Télọ̀ wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú ńlá. A dé ilé ìwòsàn mẹ́ta. Ní ti ẹ̀kẹta, tó wà lórí òkè, tí ẹnubodè rẹ̀ jẹ́ irin, aṣọ́bodè gba àwòrán náà, ó súfèé. Ó ní, "Màmá, bí irú arẹwà yìí bá wà níbí, èmi ni màá kọ́kọ́ mọ̀. Kò sí irú rẹ̀ níbí." Ó dá a padà fún mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Inú mi dùn díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ tó sọ. Lẹ́yìn náà la jókòó sórí òkúta títí ọkọ̀ fi dé.

Ẹtì, 20

Ọlọ́pàá ránṣẹ́ pè wá pé ká wá wo òkú kan.

Mo ní èmi ni màá wọlé. Télọ̀ ní rárá. Mo ní, "Ìwọ tí o rí ẹ̀jẹ̀ níjọ́sí tí o dákú?" Àwa méjèèjì la wọlé. Òtútù ibẹ̀ wọ eegun. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀ bá wa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó ní ká sọ fún òun bí a bá ti ṣe tán. Kí la fẹ́ ṣe tán sí? Ó ká aṣọ náà.

Kì í ṣe òun. Mo kígbe "Ọpẹ́ o!" Lẹ́yìn náà ni ojú tì mí, nítorí ọmọ ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀, ìyá àgbà kan sì lè wà níbì kan tó ń ṣe ìrẹsì sílẹ̀ dè é.

Àwọn àgbà ní, "ọmọ mi kú" yá ju "ọmọ mi nù" lọ. Láti kékeré ni mo ti ń pa òwe yẹn, mo ti fi tu ọ̀pọ̀ èèyàn nínú. Mi ò ní pa á mọ́ láéláé. Ẹni tó kọ́kọ́ pa á, wọn ò tíì ká aṣọ níwájú rẹ̀ ni.

Àìkú, 22

Òjò látàárọ̀. Mo se tíì, mo gbé ife mẹ́ta kalẹ̀.

Ajé, 23

Onígò sáré wọlé, ó ń mí gúlegúle. Ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lù mí."

Mo ní kí ló dé?

Ó ní onídìrí tó wà níkòríta ti já àwòrán wa lára ògiri, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn oníbàárà ń na ìka sí i pé irú irun yẹn làwọn fẹ́.

Mo dìde, mo wọ bàtà. Onídìrí yẹn kan náà ló ń dirun fún Pẹ́ńsùlù! Ó ti tó ọdún méjì tí orí ọmọ náà ti ń wà láàárín orúnkún rẹ̀. Mo dé ibẹ̀, mo ní, "Ìwọ, ta lo rò pé ó wà nínú àwòrán yìí?"

Ó ní, "Ẹ káàsán, Mà. Ṣé kì í ṣe òṣèré kan ni?"

Mo ní, "Pẹ́ńsùlù ni."

Ó wò ó. Ó wò mí. Ó fi kóòmù bo ẹnu. Ó ní, "Pẹ́ńsùlù wa? Pẹ́ńsùlù elétí?"

Mo jókòó sórí àga àwọn oníbàárà. Ó ti pẹ́ tí mi ò sunkún lójú títì. Bí ẹni tó ń dirun fún un ò bá mọ̀ ọ́n, aṣọ́bodè wo ló fẹ́ mọ̀ ọ́n? Èmi ni mo gbé ọmọ mi pa mọ́ sẹ́yìn ẹwà. Òtítọ́ korò, àmọ́ àdídùn tí mo fi rọ́pò rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ gba ọmọ lọ́wọ́ mi.

Onídìrí pa ṣọ́ọ̀bù dé, ó tẹ̀ lé wa lọ sílé. Bí Onígò ṣe ń yà, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń sọ̀rọ̀.

Onídìrí ní, "Etí òsì yẹn kì í jẹ́ kí kóòmù mi kọjá. Àní kó nà ju báyìí lọ. Tún nà án."

Télọ̀ ní, "Ọrùn rẹ̀ gùn. Èmi ni mo ń wọ̀n ọ́n fún ẹ̀wù."

Mo ní, "Eyín yẹn, gbé e gun èkejì. Tún gbé e gùn ún." Mo tún na ìka. "Iwájú orí rẹ̀ yọ. Ya àpá ìpéǹpéjú."

"Àmì dúdú ńkọ́?" ni Onígò wí.

Onídìrí ní, "Ọ̀tún ni." Télọ̀ wò mí, kò sọ nǹkan kan. Ọlọ́run bùkún un.

Nígbà tó kan irun, Onígò ní òun ò ní ya irun rárá, òun á kàn fà á sẹ́yìn. Ó ní nínú ìwé àwọn, ojú kan náà ni wọ́n máa ń gbé wọ èèyàn mẹ́wàá, irun ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. "Ṣùgbọ́n irun ṣeé gé, Ìyá àgbà. Egungun ò ṣeé gé."

Àwòrán náà ò rẹwà. Bó ṣe parí ni mo di ojú mi, ọmọ mi sì wà níbẹ̀, òun gan-an, ó ń jẹ búrẹ́dì, eyín rẹ̀ yọ síta.

Ọjọ́bọ̀, 26

Láti ìjẹta ni Télọ̀ ti lọ lẹ ẹ̀dà àwòrán tuntun náà káàkiri ìlú ńlá. Fóònù dún lọ́sàn-án. Nọ́ọ̀sì kan ni. Ó ní òun rí ìwé wa lára ògiri ibi tí òun ti ń ra búrẹ́dì. Ọmọbìnrin kan wà ní wọ́ọ̀dù àwọn láti ọjọ́ kejì oṣù. Alùpùpù ló gbá a, wọ́n ti gbé àpò rẹ̀ lọ kí àwọn tó gbé e dé. Kò tíì sọ̀rọ̀. Àwọn ò mọ orúkọ rẹ̀.

Mo ní, "Eyín rẹ̀ ńkọ́?"

Ó ní, "Màmá, eyín iwájú rẹ̀ kan gun èkejì."

Télọ̀ gba fóònù lọ́wọ́ mi nítorí ó ti ń bọ́. Nọ́ọ̀sì ní ká má tíì gbọ́kàn lé e jù. Wọ́n ti fá orí rẹ̀, ara rẹ̀ ti joro. Ó dárúkọ ilé ìwòsàn náà. Òun ni ti ẹnubodè irin.

Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ní àdúrà ti tán. Mo ń tún un gbà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹtì, 27

Aṣọ́bodè náà ló wà níbẹ̀. Ó wo ìwé ọwọ́ mi, ó ní, "Èyí kọ́ lẹ mú wá lọ́jọ́sí."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Èyí kọ́."

Nọ́ọ̀sì mú wa gba ọ̀nà tóóró kan. Mi ò lè gbójú sókè. Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ni mo ń wò, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, títí Nọ́ọ̀sì fi dúró. Nígbà tí mo wo orí ìrọ̀rí, mi ò mọ ẹni tó wà níbẹ̀. Orí fífá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti wọlé, awọ ojú tó ti dúdú lápá kan, tó pọ́n lápá kejì. Kò jọ olójú ńlá, kò jọ arẹwà, kò jọ ti òtítọ́ tí a yà. Ẹ̀rù tí mo ti ń bá sùn láti ọjọ́ kẹtàlá dìde dúró níwájú mi: ọmọ mi rèé, mi ò dá a mọ̀.

Télọ̀ ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan iwájú orí náà. Mo pe orúkọ tí a sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ, tí ẹnikẹ́ni kì í pè é mọ́. Ó la ojú. Ojú kékeré tó ti rẹ̀. Ó wò mí, kò mira. Omi yọ lójú rẹ̀.

Òun ni.

Dókítà ní àwọn ò lè sọ bí ọ̀rọ̀ á ṣe padà sẹ́nu rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún náà, àwọn ò lè ṣèlérí. Mo ní, "Ọwọ́ ọ̀tún?" Ó ní ká máa retí. Kò mọ ohun tí Pẹ́ńsùlù ń fi ọwọ́ náà ṣe. Mi ò sọ fún un, mi ò fẹ́ kó ṣàánú wa.

Àìkú, 29

Onígò bá wa wá. Ó dúró jìnnà, ó ń fi ìwé àwòrán bojú. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e síwájú Pẹ́ńsùlù, mo ní kó rí ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi wá a rí.

Ó wò ó pẹ́. Ètè rẹ̀ mì. A gbọ́ ohùn kan tó dà bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ àga nílẹ̀. Télọ̀ ní, "Má ṣe wàhálà, ọmọ mi." Ó tún gbìyànjú.

"Òjìji..."

Mo ní, "Òjìji kí ni, ọ̀wọ́n mi?"

"Òjìji imú... lọ sọ́tùn-ún. Ti ọrùn... lọ sósì." Ó sinmi. Ó wo Onígò. "Ìmọ́lẹ̀ wo... nìyẹn?"

Onígò bú sẹ́kún, ó bú sẹ́rìn-ín, awò rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀! Mo ń kánjú ni! Ìkà ni ẹ́!" Nọ́ọ̀sì ní ká rọra.

Mi ò lóye ọ̀rọ̀ òjìji náà títí di ìsinsìnyí. Gbogbo wọn ti jáde lọ wá oúnjẹ, ó ku èmi àti òun. Mo fi pẹ́ńsùlù tí mo fi ń kọ ìwé yìí sí i ní ọwọ́ ọ̀tún, mo pa ìka rẹ̀ dé lé e. Ó bọ́ sílẹ̀. Mo mú un, mo tún fi sí i. Ó bọ́. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń bẹ̀rù ohun tí màá sọ. Mo mú un nílẹ̀. Mo kọ èyí tán, mo fẹ́ tún fi sí i.